Ife Kọfí Tó Gbé Ògiri Wa Lọ

Rakan, ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Kó bá ọ ní àjẹyó, kó bá ọ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìlú ńlá Amman ti gbé ọ mì, a rí i, a sì gbà fún Ọlọ́hun, àmọ́ àdúrà wa ni pé kí o má ṣe dà nínú ikùn rẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ náà kí ọ, nítorí àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Maysun àbúrò rẹ kí ọ, ó wà ní ilé ìwòsàn níbi tó ti ń gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ń fi ẹnu lásán gún wọn, èébú ni wọ́n fi ń san án fún mi.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ gígùn dá ọ dúró, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé èmi bàbá rẹ ni mo ń ṣèjọba Ayn Loz ìlú wa báyìí. Káńsù kì í da ṣọ́bìrì sìmẹ́ǹtì kan sílẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi, alága ń dìde dúró bí mo bá wọlé, orúkọ mi sì wà lẹ́nu gbogbo ìlú láti ilé ẹ̀kọ́ títí dé ilé ìwòsàn. Ó dáa, má fi ojú yẹn wo ìwé mi, mo mọ ojú náà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lo ti jogún rẹ̀. Mo bu iyọ̀ sí i díẹ̀. Alága dìde lẹ́ẹ̀kan tí mo wọlé, fèrèsé ló fẹ́ lọ tì. Orúkọ mi wà lẹ́nu ìlú lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rín ló bá a rìn. Jókòó kí o gbọ́.

O mọ̀ pé nígbà tí o kúrò nílé, abúlé ni a wà, ewúrẹ́ ló sì ní ojú ọ̀nà, àwa ń yá a lò ni. Amman na ẹsẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi kàn wá, a sì di ìlú. A ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a ní káńsù, a ní agolo pàǹtí tó ní táyà bí ọkọ̀, tí kò sì lọ síbì kankan. Alága wa ni Zuhair, dókítà eyín nì, ọmọ alápatà. Ó yọ eyín mi mẹ́rin n kò mọ̀gbà tó yọ wọ́n, nígbà tí ìbò sì dé, àwọn èèyàn ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa gba owó orí. Wọ́n tún ri àwọn òpó iná tó ń jẹ oòrùn lọ́sàn-án tó sì ń bì í lálẹ́. Mo lọ bá wọn pé kí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù, kí oòrùn lè tó ólífì wa láti pọ́n. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ìjọba tó ń gbọ́ ni ìjọba wa, kó máa ṣe é ló kù.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn aláìsàn má bàa máa bá mọ́tò du ojú títì. Ohun rere ni. Ibi tí wọ́n fẹ́ gbà ni kò rere, nítorí ọ̀nà náà kò ní lè kọjá ní ìhà tiwa àfi bí ilé kọ̀ọ̀kan bá fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀. Ní tiwa, díẹ̀ náà ni ògiri.

O rántí ògiri wa. Òkúta tí bàbá mi fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó láti oko ni wọ́n fi mọ ọ́. Orí bẹ́ǹṣì òkúta tó wà nídìí rẹ̀ ni mo máa ń wà láti àsárì títí di màgàríbà, tí màá máa gba ìkíni, tí màá sì máa fi ẹni tó bá ń kọjá ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tó ra tòmátì lọ sílé tí n kò bi í léèlò. Kò sí ọkọ tí ìyàwó lé jáde tí kì í kọ́kọ́ bá mi jókòó kí ojú tó wálẹ̀. Àjàrà ìyá rẹ ló bo orí ògiri náà, ewé rẹ̀ ló fi ń wé ìrẹsì tí ìwọ máa ń jẹ títí wàá fi máa mí bí ẹṣin. Bí wọ́n bá mú ògiri yẹn kúrò, mo di ọkùnrin tó jókòó sí yàrá tó ń wo àjà nìyẹn. Nítorí náà mo ti búra pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun àti èmi la jọ máa sùn níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan lẹ́yìn àsárì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ó wọ kóòtù, ó fi òróró sí irun títí irun fi ń dán bí ọ̀rá ẹran, àwọn ọkùnrin méjì tó dàgbà jù ú lọ tẹ̀ lé e, ọ̀kan gbé àpótí kan mọ́ra bí ẹni gbé ẹyin. Wò ó, Rakan, ìwọ náà ọmọ ilé ni ọ́. Ọjọ́ Àlàmísì, kóòtù, àgbà méjì, àpótí. Kí ni ìwọ ìbá rò? Mo rò pé kunáfà, oúnjẹ dídùn tí àwọn tó ń tọrọ ìyàwó máa ń gbé wá, ló wà nínú àpótí, mo sì rò pé Maysun ni wọ́n bá wá.

O mọ̀ pé àbúrò rẹ ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àwọn méjì ti wá tọrọ rẹ̀ rí, ó ní ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ jù, èkejì kì í sọ̀rọ̀ rárá. Mo ní kí a fi àdá la àwọn méjèèjì kí a so ìlàjì mọ́ ìlàjì, ó bá mi bínú. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń ka ọdún rẹ̀ sókè bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà, pàápàá Umm Sakhr, ìyá Sakhr òdìkejì ọ̀nà, tí ahọ́n rẹ̀ gùn ju títì káńsù lọ. Mo máa ń fi ẹ̀rín bò ó, àmọ́ ó ń dùn mí.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Ìyá rẹ gbé kọfí kíkorò wá nínú ife kéékèèké. Ọmọkùnrin náà gba tirẹ̀, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì láìfi kan ètè. Ọkàn mi fò sókè. Bí àlejò bá gbé kọfí kalẹ̀ láìmu, ẹ̀bẹ̀ ló bá wá, onílé tó bá sì jẹ́ ọmọ èèyàn kì í jẹ́ kó dé ìdí ẹ̀bẹ̀ náà. Báyìí ni bàbá mi ṣe fi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fọ́kọ, báyìí náà ni bàbá ìyá rẹ ṣe sọ ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́ mi, ó sì kábàámọ̀ títí ó fi kú. Ọmọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu pé Bàbá, orúkọ mi ni Yazan, ọ̀rọ̀ kan ló gbé wa wá, ni mo na ọwọ́ sókè. Mo ní ọmọ mi, má wulẹ̀ rojọ́, mu kọfí rẹ, ohun tí o bá wá ti di tìrẹ, a ti fún ọ, kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i.

Ìyá rẹ tó fetí mọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì bú sígbe ayọ̀, lílílílílí, àwọn adìẹ fò. Ọmọkùnrin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó dìde, ó fẹnu ko orí mi. Ó ní láti àárọ̀ ni òun ti ń rìn, ilé àkọ́kọ́ tú ajá sí òun, ilé kejì fi omi lé òun, òun kò mọ̀ pé ẹ̀dá bíi tèmi ṣì kù láyé. Mo ń rò ó pé irú ilé wo ló ti ń tọrọ ọmọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń tú ajá sí i. Ni ẹni tó gbé àpótí bá ṣí i. Kì í ṣe kunáfà. Ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ló yọ, ó gbé e kalẹ̀ ní àgbàlá, ó di ojú kan, ó sì fi ojú kejì wo ògiri wa bí ẹni ń wo àgùntàn iléyá.

Ẹnjiníà káńsù ni Yazan. Ògiri ló wá tọrọ. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò mu kọfí, ó ní ọgbẹ́ inú ni òun ní, dókítà ti ka kọfí léèwọ̀ fún òun. Ọmọ Amman! Wọ́n kọ́ ọ títí tó fi mọ bí a ṣe ń wọn ayé, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tí ife lórí tábìlì ń sọ. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, àmọ́ ní àkókò yẹn gan-an ni Maysun wọlé láti ibi iṣẹ́ tó ń béèrè pé kí ni ìyá òun ń yọ̀ sí. Ìyá rẹ wò mí. Ìwọ mọ ìwò náà. Ó ní ayọ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ń bọ̀, ara òun kò gbà á mọ́ra. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò figbe ayọ̀ bọnu nítorí sìmẹ́ǹtì. Kó tó di màgàríbà, fọ́tò èmi àti Yazan ti wà lórí Wasáàpù káńsù, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ wo ọmọ ìlú rere tó fi tinútinú yọ̀ǹda ògiri rẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà, torí pé kí àpótí tó ṣí ni ọ̀kan nínú àgbà méjì náà ti yà á.

Mi ò sùn dáadáa. Maysun bi mí pé Bàbá, ẹ̀yin lẹ fún wọn, ẹ̀yin lẹ tún ń kérora? Mo ní ọgbọ́n òṣèlú ni, kò lè yé e. Àánú mi ṣe é, ó fi nǹkan káńsù sínú fóònù mi, áàpù ni wọ́n ń pè é, ó ní ohunkóhun tó bá ń dùn yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí, wọ́n á gbọ́. Mo kọ́kọ́ kí i: ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ará ilé ńkọ́? Kò dáhùn. Mo ní àìlẹ́kọ̀ọ́ ti wọ inú ìjọba. Ó wá to ìyà síwájú mi kí n mú ọ̀kan: kòtò ojú títì, iná tó kú, pàǹtí, ajá ìgboro, òkú ẹran. Wọn kò kọ ògiri tó bá kọfí lọ síbẹ̀. Mo wò ó títí, èyí tó sún mọ́ bó ṣe ń ṣe mí jù lọ ni òkú ẹran, mo tẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ọkọ̀ káńsù fi dé. Ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti àpò ńlá, wọ́n ní Bàbá, òkú ẹran dà? Mo ní èmi nìyí. Èyí tó dàgbà nínú wọn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé rárá, èyí kò tíì tó gbé. Wọ́n mu tíì, wọ́n lọ. Má bá mi bú káńsù wa o, ọmọ mi. Láyé bàbá mi, ẹran á kú, á wú, á bẹ́, kò sẹ́ni tó máa yọjú.

Ni mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi lọ. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà káńsù báyìí tó ń yọ ahọ́n bébà síni, nọ́ńbà ló wà lórí rẹ̀. Ó fún mi ní mọ́kànlélógójì. Inú mi dùn, mo mú un lọ bá obìnrin tó wà lẹ́yìn dígí, mo ní ẹ wò ó, ẹ̀rọ yín ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, ẹ̀yin nìkan lẹ rò pé mo ti darúgbó. Ó ní Bàbá, ẹ lọ jókòó, ẹ jẹ́ kí n pe ọjọ́ orí yín ná. Nígbà tó pè é, ó ní ọ̀rọ̀ ògiri kọjá ojú fèrèsé òun, ìjókòó gbogbogbò ọjọ́ Àtàláátà ló kàn, níbi tí ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ti lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta! Mi ò tíì béèrè ìlera màlúù ẹni nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Mo kó àwọn àgbà jọ. Mo mú Hájì Falah, ìmáàmù wa àtijọ́, mo mú Abu Sakhr, ọkọ Umm Sakhr, tí etí rẹ̀ kan ti kú láti ọdún tó ti ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, mo mú méjì sí i tí irùngbọ̀n wọn funfun dáadáa. Mi ò sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an fún wọn. Mo ní wọ́n fi ọgbọ́n gba ògiri lọ́wọ́ mi ni. Ìlànà wa ni pé bí wọ́n bá gbé kọfí wá, a máa gbé ife kalẹ̀, a kò ní mu ún títí wọn yóò fi dá ògiri padà. Ohun tí wọ́n fi mú mi, òun ni mo fẹ́ fi mú wọn.

Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú mi, iná pupa sì tàn lórí rẹ̀. Ìwọ lo kọ́ mi ní Amman pé bí iná bá pupa kí n dúró. Mo dúró. Mo ń retí kó di àwọ̀ ewé. Gbogbo gbọ̀ngán ń wò mí, èmi náà ń wo iná. Agogo dún, wọ́n ní àkókò mi ti tán, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Abu Rakan, ìyẹn èmi bàbá Rakan, fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fẹ̀hónú hàn. Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn pàtẹ́wọ́. Hájì Falah fún mi ní àkókò tirẹ̀, Abu Sakhr pariwo sí mi létí pé sọ̀rọ̀ jàre, àbí wọ́n yọ ahọ́n rẹ mọ́ eyín ni?

Ni kọfí bá dé. Àwa márùn-ún gbé ife kalẹ̀, ko, ko, ko. Yazan tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ béèrè bóyá gbogbo wa ló ní ọgbẹ́ inú. Àmọ́ Zuhair, ọmọ ilé ni, ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òógùn bò ó. Ó ní Abu Rakan, eyín mẹ́rin ni mo yọ lẹ́nu yín, ẹ kò pariwo, ṣé ògiri ló wá ń dùn yín tó báyìí? Mo ní Dókítà, o gún mi lábẹ́rẹ́ apàrora kí o tó yọ eyín; ti ògiri yìí, abẹ́rẹ́ dà? Gbọ̀ngán dàrú fún ẹ̀rín. Ó ní òótọ́ ni. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kékeré kan, mo dáhùn, ọ̀rọ̀ sì parí bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì ṣe ń parí. Mo yọ̀ǹda ògiri náà fún ìlú. Àwọn àgbà mu kọfí wọn, ó ti tutù, wọ́n bú mi lọ sílé. Káńsù pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àwọn á gbé bẹ́ǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà fún gbogbo ènìyàn, èmi náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú gbogbo ènìyàn.

Nítorí náà, ìyá rẹ ní kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ tí a ó fi ri òpó sí ẹ̀gbẹ́ ilé fún àjàrà, kó lè rí ibi gùn. Ó gé ẹ̀ka kan pamọ́ sínú garawa. Èmi ní tèmi kò béèrè nǹkan kan, àfi àga oníke kan tó ṣeé ká, àti bàtà, àti ohun tí ọkàn rẹ bá ní kí o fi lé e. Má fi ránṣẹ́ gba bánkì tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lára ògiri, torí ògiri kì í ṣe ẹni tí a ń gbára lé mọ́. Wá fúnra rẹ, kó owó náà sínú àpò àyà.

Ọlọ́hun yóò fi ọ̀nà rẹ hàn ọ́ kí ìrìn tó rẹ̀ ọ́. Ẹni tí yóò bá gbé ife kalẹ̀ níwájú rẹ, ire ni yóò bá wá. Ọmọ tìrẹ náà yóò kọ ìwé sí ọ, yóò sì ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀ fún ọ.

Èmi ni Mufleh, bàbá rẹ.

Mo ti pa ìwé yìí pọ̀, mo tún ṣí i. Mo fo ìbéèrè Zuhair. Ó ní òfin sọ pé ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń yọ̀ǹda, kò tíì yọ̀ǹda nǹkan kan. Ó ní kí n ṣáà sọ ọ́ síta, kí akọ̀wé kọ ọ́: nígbà tí mo ní kí Yazan mu kọfí rẹ̀, kí ni mo rò pé ó wá gbà? Bí mo bá ti ní kì í ṣe ògiri, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ á gba òdìkejì, ògiri wa á sì dúró. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Umm Sakhr jókòó níwájú, ó gbé fóònù sókè tó ń ká ohùn mi sílẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Maysun lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun ilé ìwòsàn, ó ti sáré títí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, torí wọ́n ní bàbá rẹ̀ ń bá káńsù jà. Mo ní ògiri ni. Mo ní mo mọ̀ pé ògiri ló wá gbà, mo sì fún un.

Àná ni wọ́n wó o. Maysun kò mọ̀, má sọ fún un.